Ọmọ kan rù, ìkejì sanra, ilé kan náà: bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n wọ́n àti bẹ́ ẹ ṣe máa bọ́ wọn látinú ìkòkò kan

Kẹ́ ẹ tó ra oògùn ajẹun fún ọmọ tó rù, kẹ́ ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa èyí tó sanra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá tépù télọ̀ kan. Ojú lásán ò ṣe é gbára lé lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Wíwọn ọmọ wà lára iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní sẹ́ńtà ìlera níbí l'Óṣogbo, mo sì ti rí i pé màmá tó ń sunkún pé ọmọ òun rù, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ yẹn kàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ èyí tí gbogbo àdúgbò ń kí ìyá ẹ̀ pé "ẹ kú ìtọ́jú o, ọmọ yìí mà ń jẹun", òun gan-an ni nọ́ńbà ẹ̀ ò bára mu.

Ẹ máa rí i nínú ilé kan ṣoṣo, àbúrò rù, ẹ̀gbọ́n sanra. Wọ́n á ní ọ̀kan gba ti bàbá, ọ̀kan gba ti ìyá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun témi ń rí jù ni pé irú oúnjẹ kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, oúnjẹ tó ń kún inú tí èròjà aṣaralóore ò sí nínú ẹ̀. Àbúrò ń mu ẹ̀kọ olómi láàárọ̀, ó tún mu ún lálẹ́, kò ríbi tó máa ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ń fi mínírà jẹ búrẹ́dì, ó ń fi bisikíìtì panu, ohun tó ń wọlé sí i lára pọ̀ ju ohun tó ń lò lọ, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀ ẹ máa rí i pé inú ẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ ò tó. Ọmọ lè sanra kó sì tún ṣàìjẹunrekánú, ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyẹn.

Kì í ṣe Òṣogbo nìkan o. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 sọ pé nínú ọmọ 100 tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn, 7 ló rù jù, 2 ló sanra jù. Ní gbogbo ayé, UNICEF (àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé), WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti World Bank ṣírò ẹ̀ fún ọdún 2022: nǹkan bíi mílíọ̀nù 148 ọmọ ni kò ga tó, mílíọ̀nù 45 rù, mílíọ̀nù 37 sanra jù. Ẹ má jẹ́ kí 2 ti Nàìjíríà yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù, torí àwọn tí ò tíì pé ọdún márùn-ún nìkan ni wọ́n kà, àwọn ọmọ iléèwé tó ń fowó bréèkì ra mínírà ò sí nínú ẹ̀.

Irú kẹta tún wà, òun ló ń tan àwọn nọ́ọ̀sì gan-an jẹ: ọmọ tó kúrú tó sì tún sanra. Ebi tàbí àìsàn ọdún méjì àkọ́kọ́ ti dá gíga ẹ̀ dúró, ìgbà tí nǹkan wá rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀ wọ́n wá ń fi oúnjẹ tó wúwo dí i, gíga tó ti lọ kì í sáábà padà tán, ọ̀rá ló ń pọ̀ sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tètè bá tó bá dàgbà. Tẹ́ ẹ bá gbé e lé ìwọ̀n tí wọ́n sì fi ọjọ́ orí ẹ̀ nìkan wo kílò ẹ̀, káàdì máa sọ pé ó dáa, torí kíkúrú ẹ̀ àti sísanra ẹ̀ ti jọ pa ara wọn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn màmá pé tẹ́ ẹ bá dé sẹ́ńtà, ẹ má gbà kí wọ́n wọn kílò nìkan, ẹ sọ fún wọn pé "ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi wọn gíga ẹ̀ náà, kẹ́ ẹ wá fi kílò ẹ̀ wé gíga ẹ̀." Ẹni tó bá ń kánjú máa bínú díẹ̀, kó bínú, wọ́n á wọ̀n ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Gíga la máa kọ́kọ́ wọ̀n. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí tábìlì tàbí ilẹ̀ tó le, kí orí ẹ̀ kan ògiri, kẹ́nì kan bá yín di orí ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ rọra tẹ orúnkún ẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìwé tó nípọn dúró síbi àtẹ́lẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ kúrò. Tó bá ti lé lọ́dún méjì, kó dúró, kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kí gìgísẹ̀ àti ìdí àti ẹ̀yìn orí kan ògiri, kó wo iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin tó dirun ṣùkú, ẹ dúró dìgbà tó bá tú u, àbí kẹ́ ẹ tẹ tépù dé agbárí ẹ̀ gan-an, torí ṣùkú ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di gíga lórí ìwé.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi wé rèé, tí WHO gbé jáde ní 2006. Ọmọ ọdún kan, ọkùnrin tí ò tó sẹ̀ǹtímítà 71 tàbí obìnrin tí ò tó 69, gíga ẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ọdún méjì, 81 fún ọkùnrin, 79.3 fún obìnrin. Ọdún mẹ́ta, 88.7 àti 87.4. Ọdún márùn-ún, 100.7 àti 99.9. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé "ti òyìnbó nìyẹn." Rárá o, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti wọn àwọn ọmọ yẹn, Ghana wà níbẹ̀, India, Brazil àti Oman wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọmọ tó bá mu ọmú dáadáa, tó rí oúnjẹ gidi jẹ, tí àìsàn ò dá gúnlẹ̀ sí lára, bákan náà ló ń dàgbà láti kékeré dé ọdún márùn-ún, kò sí pé ọmọ dúdú ni àbí funfun.

Lẹ́yìn náà, apá. Èyí wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Apá òsì, kó rọ̀ sílẹ̀, ẹ wá àárín láti èjìká sí ìgúnpá, ẹ fi tépù yí i ká níbẹ̀, kó má fún un, kó má sì dẹ̀. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, ó dáa. Láàárín 11.5 sí 12.5, yẹ́lò nìyẹn lára tépù tiwa ní sẹ́ńtà, ọmọ ti ń rù, ẹ má fi falẹ̀. Tí ò bá tó 11.5, pupa ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú àgbo. Tépù apá yìí ò lè sọ fún yín pé ọmọ sanra o, rírù nìkan ló ń bá yín wò.

Ẹsẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta jẹ́ẹ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Tí ibẹ̀ bá jìn sílẹ̀ tí ò tètè padà, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, omi ló wà lára ọmọ yẹn. Ibí ni ọ̀pọ̀ màmá ti ń ṣìnà, torí ojú ọmọ á wú, ẹsẹ̀ á kún, wọ́n á ní ó ń sanra, àfi ìgbà tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tó ń re, tí ara bá ń bó, tí ọmọ ò fẹ́ ṣeré mọ́. Kò sí yẹ́lò nínú ti ẹsẹ̀ wíwú, ọsibítù tààrà ni, ì báà jẹ́ Asúbíaró ló sún mọ́ yín, ì báà jẹ́ ti UNIOSUN.

Àwọn tó ti pé ọdún márùn-ún sókè, ẹ ò nílò ju okùn lọ. Ẹ fi okùn wọn gíga ọmọ láti orí dé gìgísẹ̀, ẹ gé e níbẹ̀, ẹ ká a sí méjì, ẹ wá fi yí ìdodo ẹ̀ ká. Tí okùn tẹ́ ẹ ká sí méjì yẹn ò bá pàdé, ikùn ẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ṣeré pẹ̀lú gbogbo ilé, kí bàbá náà wọn tiẹ̀, kí ọmọ má baà rò pé òun nìkan lẹ̀ ń fi ojú sí lára. Ẹ má sì pè é ní "Ọ̀rọ̀bọ̀" níwájú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mọ́, kò sí ọmọ tí orúkọ yẹn ń bá dín oúnjẹ kù, kọ̀rọ̀ ló máa ń mú un lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan ìkòkò wàyí, níbẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ ò ní se oúnjẹ méjì. Oúnjẹ kan lẹ máa sè, bẹ́ ẹ ṣe máa bù ú ló máa yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀kọ ọmọ kékeré, torí òun ló ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ jù nílùú yìí. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí glucose, kò sí àgbo. Tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ọmú ń bá a lọ títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ á wá máa bá a rìn. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ ò gbà ju nǹkan bíi kọ́ọ̀pù kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀kọ olómi kún kọ́ọ̀pù yẹn, omi lẹ fi yó o. Ẹ bù ú sí ṣíbí, ẹ dà á dẹ̀gbẹ́: tó bá dà wálẹ̀ gìrìrì, kò ki tó. Ó gbọ́dọ̀ dúró lórí ṣíbí. Tó bá wá ki tán, ẹ má da ṣúgà sí i, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sí i, edé lílọ̀ tàbí ẹja ṣáwá tẹ́ ẹ yan gbẹ tẹ́ ẹ gún tẹ́ ẹ sì jọ egungun kúrò nínú ẹ̀, àti ṣíbí epo pupa kan. Epo pupa yẹn fítámìn A ló gbé wá, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ kékeré lágbára. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀pà tàbí edé ń mú ara ọmọ wú tàbí yún un, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ mú un wá.

Èyí tó rọrùn jù fẹ́ni tí ò ráyè ni Tom Brown, ìyẹ̀fun yíyan tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ ọmọ. Ọkà bàbà tàbí jéró tàbí àgbàdo, ife mẹ́fà, sóyà ife mẹ́ta, ẹ̀pà ife kan. Ẹ ṣa ẹ̀pà yẹn dáadáa, èyí tó ti bu tàbí tó ti dúdú, ẹ dà á nù, ẹ má ní "á jóná nínú iná", oró inú ẹ̀pà tó bu kì í jóná, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bàjẹ́. Ẹ yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ torí wọn kì í jinná lásìkò kan náà, sóyà ló ń pẹ́ jù, ẹ má sì lò ó ní tútù, á da ọmọ ní inú rú. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ lọ lọ̀ ọ́ gbẹ, ẹ bẹ onílọ̀ kó má tẹ̀ lé ti oníata lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí lẹ máa kó o sí. Lójú tèmi, Tom Brown tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe dáa ju ọ̀pọ̀ sẹ́rẹ́láàkì tẹ́ ẹ ń náwó lé lórí, ṣúgà ò sí níbẹ̀, ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ fi sí i.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi ìpápánu kan tàbí méjì sí i, ìpápánu tí mo ń wí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, ẹyin, èkuru, ọ̀lẹ̀lẹ̀, wàrà, kì í ṣe bisikíìtì.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ẹyin díẹ̀. Ìyá àgbà á ní "ìyàwó mi, má fún un lẹ́yin, á jalè o." Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ kàn sọ pé "ẹ ṣeun Màámi, àwọn nọ́ọ̀sì ló ní ká fún un bí oògùn." Mo ti rí i pé tí nọ́ọ̀sì bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwádìí kan wà ní Ecuador tí wọ́n gbé jáde ní 2017, wọ́n fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yin kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, iye àwọn tí ò ga tó sì dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọn ò fún. Wọ́n wá gbìyànjú ẹ̀ ní Malawi, gíga ọmọ ò yí padà níbẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀. Ohun témi gbọ́ nínú ẹ̀ ni pé kò di dandan kó jẹ́ ẹyin, ohun abẹ̀mí ni kó ṣáà ti wọ ẹnu ọmọ kékeré lójoojúmọ́, tówó ẹyin ò bá sí, ẹ lọ ra ṣáwá l'Ọ́jà Ọba. Ẹran tó wà nínú ìkòkò náà, tó bá jẹ́ méjì ló wà, kò yẹ kó jẹ́ pé bàbá nìkan ló máa jẹ ẹ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi o.

Wàyí o, èyí tó sanra. Ẹ má febi pa á, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò nídìí abọ́ àwọn tó kù. Ọmọ tó ṣì ń ga, a kì í sáábà wá bó ṣe máa rù, ohun tá a fẹ́ ni kí kílò ẹ̀ dúró díẹ̀ kí gíga wá bá a. Ohun àkọ́kọ́ tó máa kúrò nílé ni mínírà àti jùùsì àpò. Ẹ gbé ìgò ẹ̀ wò, ibi tí wọ́n kọ "sugars" sí fún 100ml. Tó bá jẹ́ giráàmù 10, ìgò 50cl ní giráàmù 50, ẹ pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó lé ní ṣíbí tíì méjìlá. WHO ò fẹ́ kí ṣúgà kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí ọmọ ń rí nínú oúnjẹ, ọmọ bí ọdún márùn-ún tó nílò nǹkan bíi kálórì 1,300 lójúmọ́, ti gbogbo ọjọ́ ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi giráàmù 32. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá ẹ̀. Ìjọba fi owó orí náírà 10 lé lítà mínírà kan ní 2022, àmọ́ ta ló rí náírà mẹ́wàá níbi tí ọmọ ti ń sunkún? Inú ilé lẹ máa ti dá a dúró. Omi ni kẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì, ẹ̀yin náà ẹ mu ún níṣojú wọn. Ọsàn, kó jẹ ẹ́, kó má mu ún ní fífún.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, ká sọ pé àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja ni. Ọmọ tó rù, ẹ bu gbẹ̀gìrì fún un dáadáa, ẹ fi epo díẹ̀ sí tiẹ̀, ẹja tó ní láárí, ẹ jókòó tì í kó jẹ ẹ́ tán torí ọmọ tó rù kì í sáré jẹun, àwọn ẹ̀gbọ́n á ti gbá a tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ abọ́ àjẹpọ̀ fún ọmọ kékeré, abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Èyí tó sanra, ọbẹ̀ náà ni o, ẹja náà ni, ewédú lẹ máa pọ̀ sí i, àmàlà lẹ máa dín, kó máà sí bíbu àbùkún títí tí ìṣẹ́jú mélòó kan á fi kọjá. Ọjọ́ tó bá jẹ́ Indomie lẹ ní, ẹ da ìdajì mágí inú ẹ̀ nù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹyin sí i. Líptọ́ọ̀nù ẹ má fún wọn pẹ̀lú oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀fọ́, ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Owó bréèkì. Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ iléèwé tí wọ́n pè ní O'MEALS ní 2012, ohun tó dáa ni, àmọ́ ọmọ tó jẹun iléèwé tó sì tún gbowó dání, ẹnu géètì ló ń ná an sí. Ẹ dín owó yẹn kù, ẹ di ẹ̀pà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un. Tó bá dé, kó jáde lọ ta tẹ́ńtẹ́ń, kó ṣe sùwé, kó gbá bọ́ọ̀lù, wákàtí kan ó kéré tán lójúmọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún sókè, fóònù á dúró ná.

Àìsàn ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní ORS, lúbúlúbú tí wọ́n ń pò mọ́ omi, kẹ́ ẹ sì fún un ní zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ má sì dá oúnjẹ ẹ̀ dúró, lẹ́yìn tára ẹ̀ bá ti yá ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gba fítámìn A lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti oṣù mẹ́fà dé ọdún márùn-ún, kẹ́ ẹ bèèrè oògùn aràn náà tó bá ti pé ọdún kan. Tí wọ́n bá fún ọmọ tó rù ní ẹ̀pà lílọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì ti ọsibítù, oògùn ni, sáṣẹ́ẹ̀tì kan ní kálórì 500, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó sanra bá a lá a. Ó máa bẹ̀ yín o, torí ó dùn.

Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí sẹ́yìn káàdì pẹ̀lú déètì. Apá tó wà ní yẹ́lò, ẹ tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí ò bá gbéra sókè lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n léraléra, ẹ gbé e wá. Gíga àti okùn ìdodo, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ti tó, tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́ kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa rí, àwọn ọmọ á kàn máa sá fún yín ni.